Fóòmù Tí Wọ́n Ń Ṣe Àlùwàlá Fún

Ọjọ́ tí Alhaji máa lọ sí Mẹ́kà, gbogbo wa tò sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìrẹsì sàárà. Wọ́n ń pín iṣẹ́ ilé fún wa kí wọ́n tó wọ mọ́tò Ìlọrin lọ bá bàálù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù. Alhaja Ràfátù, ìyàwó Alhaji, ìyá tó bí bàbá mi, gba kọ́kọ́rọ́ yàrá. Ó wá ku èmi Mùíz. Mo ti mọ̀ pé kò sí nǹkan tí wọ́n máa fún mi, torí nílé wa, tí mo bá gbé omi fún èèyàn mu, onítọ̀hún á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ ná.

Alhaji nàka sí mi. Wọ́n ní, "Mùíz, ìwọ ni kó o bá mi tọ́jú àwọn ẹja mi."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, mo rò pé Alhaji ti ń kọ́ àwàdà lọ́dọ̀ mi ni. Àfi ìgbà tí mo wo ojú wọn tí mo rí i pé eyín wọn ò yọ rárá. Wọ́n tún un sọ, wọ́n wá wọ mọ́tò. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, ogún ọdún ó lé díẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó fi nǹkan ẹlẹ́mìí sí mi lọ́wọ́ rí. Adìyẹ gan-an, wọ́n máa ń ní kí n sún kúrò níbẹ̀.

Ẹja márùn-ún ni. Wọ́n pọ́n bí epo, wọ́n wà nínú táǹkì gíláàsì kan lórí tábìlì ní pálọ̀. Olùkọ́ kan ní Pólì ló gbé wọn fún Alhaji nígbà tó ń kó kúrò ní Ọ̀fà. Rélùwéè ni Alhaji ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, orúkọ àwọn tésàn ojú irin ni wọ́n sì sọ àwọn ẹja náà: Ọ̀ṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ọ̀fà ló sanra jù. Alhaji ní ojúsàájú kọ́, pé ìlú ẹni nìlú ẹni. Tó bá ti dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á jókòó síwájú táǹkì, wọ́n á máa wò ó bí ẹni pé ọkọ̀ kan ń bọ̀ nínú omi yẹn.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi fún ẹja. Ti olùkọ́ yẹn ti bàjẹ́. Alhaji ní kí wọ́n bá wọn ra tuntun ní Èkó, àmọ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ ló tó dé. Bó ṣe di pé èmi ni mo máa tò ó nìyẹn.

Ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀, èdè Ṣáínà ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìyẹn ò dùn mí. Kíláàsì karùn-ún ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti bá ìwé pínyà, ká ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ibi kan náà la máa já sí. Àwòrán ni mo ń wò. Nǹkan ọ̀hún ò ju ìkúùkù lọ: mọ́tò kékeré kan wà lórí ẹ̀, fóòmù dúdú wà nísàlẹ̀, rọ́bà mẹ́rin sì wà lẹ́yìn ẹ̀ tó máa lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó máa fa omi wọlé nísàlẹ̀, omi á gba inú fóòmù kọjá, fóòmù á di ìdọ̀tí mú, omi á jáde lẹ́nu ẹ̀ lókè. Kò le.

Mo kọ́kọ́ kì í bọ ihò iná láì tíì gbé e sínú omi. Ó ké bí ewúrẹ́ ọdún Iléyá. Mo yọ ọ́. Mo gbé e sínú omi, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, mo tún kì í bọ iná, mi ò mọ̀ pé ẹnu ẹ̀ wà lókè omi. Ó tu omi sọdá pálọ̀, ó bá tẹlifíṣọ̀n tó wà lódìkejì, obìnrin tó ń ka ìròyìn rẹ gbindin. Ó sì ń ka ìròyìn lọ. Alhaja sáré wọlé, wọ́n béèrè ta ló ń tọ̀ sílé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo tó ri gbogbo ẹ̀ sínú omi, ó wá ń ṣiṣẹ́, ó ń kùn wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń fi tẹ̀sùbáà ka làsìmù. Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra fún Alhaja pé ẹja ló ń hanrun. Wọ́n gbà mí gbọ́ fún ọjọ́ méjì gbáko.

Ọjọ́ kẹta, Alhaja ní kí n yọ ẹ̀rọ yẹn káwọn wò ó. Mo yọ ọ́. Fóòmù ẹ̀ ti ń yọ̀, ó ti ní nǹkan bí ikun lára. Alhaja wò ó, wọ́n wo ojú mi, wọ́n wo fóòmù padà.

"Ṣé inú eléyìí ni omi tí ẹja Alhaji ń mu ń gbà kọjá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọn ò bá mi jà. Wọ́n gbé fóòmù lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, wọ́n gbé bútà àlùwàlá wọn, wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń ṣan gbogbo nǹkan: ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, tòmátò lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n wá sá a sóòrùn lórí okùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ hìjáàbù wọn. Nígbà tó gbẹ, ó rí bí tuntun. Mo ní Alhaja, ẹ ṣeun, ẹ ti gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́. Àtọjọ́ náà ló ti di pé tí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán, fóòmù ló kàn. Mo máa ń sọ fáwọn èèyàn àdúgbò pé fóòmù ilé wa ń ṣe àlùwàlá, ó kù kó kírun.

Ọjọ́ kẹsàn-án, Ìlọrin kú.

Mo rí i láàárọ̀, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi. Mo rò pé ó ń ṣeré ni, torí tó bá jẹ́ èmi ni ẹja, eré tí mo máa ṣe nìyẹn. Mo fi ọmọ ìka tì í, kò lọ. Alhaja ní kádàrá ni, mo sì lọ sin ín sábẹ́ ìbẹ́pẹ. Lọ́jọ́ yẹn Alhaja fọ fóòmù lẹ́ẹ̀mejì, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹtàlá, Ìkìrun kú. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Bí wọ́n bá ṣe ń kú ni Alhaja ń fọ̀, bí Alhaja bá sì ṣe ń fọ̀ ni wọ́n ń kú. Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ìyẹn nígbà náà.

Alhaji máa ń fi fídíò pè láti Mẹ́kà. Tí wọ́n bá ti kí wa tán, wọ́n á ní ká gbé fóònù síwájú táǹkì. Lẹ́ẹ̀mejì tí wọ́n pè lẹ́yìn ikú Ìlọrin, mo díbọ́n pé netiwọ́ọ̀kì ò dáa, mo ń gbọn fóònù bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí Ìkìrun náà kú, a gbọ́ pé ọ̀la ni Alhaji máa gòkè Àráfà. Alhaja pè mí sí kọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ ṣàlàyé nǹkan kan níbí. Ní oṣù mélòó kan sẹ́yìn, mo fi káróòtì gbẹ́ ẹja kan, mo jù ú sínú táǹkì. Nígbà tí Alhaja ń wò, mo kiwọ́ bọ̀ ọ́, mo mú un, mo sì jẹ ẹ́ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Alhaja ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èèyàn fi sá jáde ní mọ́sálásí. Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ti sọ pé ọjọ́ tí mo bá tún dán irú ẹ̀ wò, ilé ìyá mi ni mo máa sùn.

Alhaja kan náà ló wá ń wo ilẹ̀ báyìí, wọ́n ń fi etí hìjáàbù nu ojú. Wọ́n ní wọn ò fẹ́ kí Alhaji gòkè Àráfà pẹ̀lú ìbànújẹ́. Wọ́n rọ ohùn sílẹ̀.

"Mùíz, ṣe ti káróòtì yẹn."

Mo gbẹ́ méjì. Mo gbẹ́ ìrù fún wọn, mo fi ata dúdú ṣe ojú. Káróòtì máa ń rì, nítorí náà mo fi òwú so wọ́n rọ̀ mọ́ igi tín-ín-rín kan tí mo gbé sórí táǹkì. Omi tó ń tú lẹ́nu fílítà wá ń gbá wọn síwá sẹ́yìn. Mi ò ní purọ́, wọ́n ń wẹ̀ ju àwọn tó wà láàyè lọ. Alhaji pè. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ó dà bíi pé Ìkìrun ti rù. Alhaja ní oúnjẹ ni kì í jẹ dáadáa. Alhaji gbàdúrà fún Ìkìrun lórí fóònù láti Mẹ́kà, a sì ṣe àmín fún káróòtì. Eré tó dáa jù tí mo ṣe láyé mi nìyẹn, kò sì pa mí lẹ́rìn-ín.

Ọ̀ṣogbo kú ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo bomi táǹkì sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjàgbó, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó jù mí lọ, Ọdẹ́bùnmi. Ọmọ ọdẹ ni Ọdẹ́bùnmi. Àwọn bàbá ẹ̀ ń pa ẹran nínú igbó, òun ní tiẹ̀ ń sin ẹja àrọ̀ nínú odò oníkọnkéré lẹ́yìn ilé. Ó gbóòórùn omi mi, ó fajú ro. Ó béèrè bí fóòmù fílítà wa ṣe rí. Mo fi yangàn, mo ní ó mọ́ tónítóní, pé ọṣẹ la fi ń fọ̀ ọ́, a sì ń sá a sóòrùn lójoojúmọ́.

Ọdẹ́bùnmi wò mí bí ẹni pé mo sọ pé à ń yan án jẹ.

"Àbúrò, ẹ̀yin lẹ ń pa wọ́n."

Ó fà mí lọ sídìí dúrọ́ọ̀mù kan tí omi odò ẹ̀ ń gbà kọjá. Fóòmù ló kún inú ẹ̀, ó dúdú, ó ń yọ̀, ó burú ju ti ilé wa lọ. Ó ní ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ẹja máa ń di májèlé nínú omi, ojú ò lè rí i. Ó ní àwọn nǹkan ẹlẹ́mìí kan wà, wọ́n kéré débi pé ojú ò lè rí àwọn náà, inú fóòmù ni wọ́n ń gbé, àwọn ló ń jẹ májèlé yẹn. Ó máa ń tó oṣù kan kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ọṣẹ ń pa wọ́n, oòrùn ń pa wọ́n. Ikun tí ẹ rí yẹn, ilé wọn ni. Tí fóòmù bá dí jù, ẹ bu nínú omi táǹkì yẹn gan-an sí abọ́, ẹ rọra fún un níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ dá a padà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé ẹ ń fi mí ṣeré?" Ọdẹ́bùnmi ní òun ò mọ eré í ṣe. Lójú ọ̀nà nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo ń tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lórí ọ̀kadà, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ló ń dún bí irọ́ létí mi. Ìdọ̀tí ló ń jẹ́ kí omi mọ́. Àwọn kan ń gbé inú ìdọ̀tí, o ò lè rí wọn. Tó bá jẹ́ pé mo fẹ́ jókòó pa irú irọ́ bẹ́ẹ̀ fún Alhaja, mi ò lè ronú kàn án.

Mo sọ ọ́ fún Alhaja bí Ọdẹ́bùnmi ṣe sọ ọ́ fún mi. Mo tún kúnlẹ̀. Bóyá kíkúnlẹ̀ yẹn gan-an ló bà á jẹ́, mi ò kúnlẹ̀ rí.

"Mùíz, o ti bẹ̀rẹ̀."

Mo fi orúkọ Ọlọ́run búra. Wọ́n ní mo fi orúkọ Ọlọ́run búra pé ẹja ń hanrun. Òótọ́ ni. Mo pe Ọdẹ́bùnmi lórí fóònù kó bá wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n kí i dáadáa, wọ́n ní kó kí ìyá ẹ̀, wọ́n pa fóònù. Wọ́n ní ohùn ọ̀rẹ́ mi yẹn dùn, pé kí n má lò ó fún irú iṣẹ́ yìí mọ́. Wọ́n gbé bútà wọn, wọ́n lọ sẹ́yìnkùlé.

Mo wá ṣe èyí tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo jí fóòmù gbé. Bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ tán tí wọ́n sá a, mo mú un lórí okùn, mo wé e sínú ọ̀rá, mo gun ọ̀kadà padà sí Ìjàgbó lọ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù Ọdẹ́bùnmi kí àwọn ẹlẹ́mìí yẹn kó wọnú ẹ̀. Ó ní kí n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé, Alhaja ti ya ìrọ̀rí wọn. Ìrọ̀rí tí wọ́n fi ń sùn. Wọ́n ti gé fóòmù inú ẹ̀, wọ́n ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n ti kì í bọ inú fílítà. Ó funfun bí òwú. Wọ́n ní ẹyẹ ló ní láti gbé ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n fi orí lélẹ̀ láìní ìrọ̀rí lálẹ́ ọjọ́ náà nítorí ẹja.

Mo jókòó síwájú táǹkì. Òkukù kú lọ́jọ́ kẹta.

Ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo lọ mú fóòmù wá ní Ìjàgbó. Mo rọra yọ ti ìrọ̀rí, mo kì í bọ ipò ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí Alhaji ń bọ̀, nígbà tí Alhaja ń gé ẹran. Ọ̀fà nìkan ló kù. Ó ti wà lójú omi láti àná, ó ń yànu, ó ń pa á dé. Káróòtì mẹ́rin, ọ̀kan fún òkú kọ̀ọ̀kan, ń jó yí i ká.

Alhaji wọlé pẹ̀lú fìlà tuntun àti kẹ́ẹ̀gì omi Sámúsámù méjì. Àwọn èèyàn kún ilé, wọ́n ń kí wọn. Wọ́n gba àárín gbogbo wọn kọjá, wọ́n lọ tààrà sídìí táǹkì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n nawọ́, wọ́n di òwú kan mú, wọ́n fà á sókè. Káróòtì jáde, ó ń kán tótó.

Wọ́n ní, "Ta ló so Ìkìrun kọ́?"

Àwọn àlejò bú sẹ́rìn-ín, gbogbo wọn kọjú sí mi. Alhaja sá wọ kíṣìnì. Alhaji gbé káróòtì lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ní kí àwọn èèyàn dárí jì wọ́n, àwọn fẹ́ sinmi díẹ̀. Àwọn àlejò tú ká. Wọ́n pe Alhaja padà, wọ́n jókòó.

"Mùíz, sọ ọ́ fún mi. Má sì pa mí lẹ́rìn-ín."

Mo sọ gbogbo ẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ nípa àwọn ẹlẹ́mìí tí ojú ò rí ni mo rí i tí Alhaja ń mi orí. Wọ́n ní Alhaji, ẹ má dá a lóhùn, irọ́ tó ti ń pa bọ̀ nìyẹn. Wọ́n yọ fílítà nínú omi kí Alhaji lè fojú ara wọn rí i. Fóòmù dúdú, ó ń rùn. Alhaja ò rí i bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wò mí, omi yọ lójú wọn, wọ́n ní àwọn fọ̀ ọ́, àwọn ń fọ̀ ọ́, pé kí Alhaji lè bá omi tó mọ́ ni. Wọ́n gbé e, wọ́n ń lọ sẹ́yìnkùlé.

Mo kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mo na ẹsẹ̀ dí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Alhaji wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ rélùwéè. Wọ́n ní ibì kan wà tí irin ti ń pínyà, tí wọ́n máa ń yí kí ọkọ̀ lè bọ́ sójú irin kejì. Gírísì dúdú ló bò ó. Wọ́n ní ọ̀gá tésàn rìnrìn àjò, àwọn sì fẹ́ kó bá ibẹ̀ ní mímọ́, ni àwọn bá fi kẹrosíìnì fọ gbogbo ẹ̀ títí ó fi ń dán. Ọkọ̀ dé, irin ò yí. Èrò jókòó sínú oòrùn láti àárọ̀ títí dìgbà ìrun Àlàásárì.

"Ràfátù, dá a padà sínú omi."

Alhaja dúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n dá a padà. Èmi ni mo kì í bọ iná. Ó ń kùn.

Alhaji ní kí n mú àwọn lọ síbi tí mo sin àwọn tó kù sí. Mo mú wọn lọ sábẹ́ ìbẹ́pẹ. Mo ti to òkúta mẹ́rin síbẹ̀, bí wọ́n ṣe kú tẹ̀ léra: Ìlọrin, Ìkìrun, Ọ̀ṣogbo, Òkukù. Alhaji béèrè èwo ni èwo, mo sọ fún wọn. Wọ́n dúró bí ẹni tí wọ́n gbé ìwé tí kò pé wá bá. Wọ́n ní ọkọ̀ wo ló ń ti Ìlọrin já sí Ìkìrun láì gba ọ̀nà Ọ̀fà? Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣí òkúta nípò, wọ́n tún wọn tò: Ọ̀ṣogbo, Ìkìrun, Òkukù. Wọ́n fi àyè kan sílẹ̀, wọ́n wá gbé Ìlọrin sí ìpẹ̀kun. Èmi ń wo àyè yẹn.

Wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ wọn dànù. Mo ti ń retí kí wọ́n gba ẹja lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní èmi náà ni kí n ṣì máa tọ́jú ẹ̀.

Mo ní, "Kí ni kí n wá ṣe fún un báyìí, sà?"

"Ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ sọ. Má ṣe nǹkan kan. Má sì jẹ́ kí ẹnì kankan ṣe nǹkan kan."

Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ fún mi nìyẹn, mi ò rí iṣẹ́ tó le tó o rí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú táǹkì. Mo ti kó káróòtì kúrò. Ọ̀fà ń yànu, ó ń pa á dé. Ó rì díẹ̀, a nà sókè lórí àga. Ó tún léfòó, a jókòó padà. Wọ́n mú iná lọ. Fílítà dákẹ́, a ń wo ara wa. Alhaji ní kò sí epo nínú jẹnẹrétọ̀ náà, wọn ò sì dìde. Nígbà tó yá, wọ́n mú iná dé, ó ń kùn padà, kò sẹ́ni tó yọ̀.

Alhaja fi ẹnu sún mọ́ mi létí. Wọ́n béèrè bóyá àwọn lè kàn fi aṣọ gbígbẹ nu gíláàsì, láti ìta, lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo ní rárá, mà.

Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, wọ́n jókòó lé e.